Ẹkún Tí Kò Lómijé

Ọmọ mi ń sunkún, omijé kò jáde. Ohun tó já mi láyà nìyẹn. Láti àná ló ti ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ̀rín ni ìyá ọkọ mi sì fi ń gbà á: "Eyín ló ń hù. Ta ni kò yàgbẹ́ eyín rí?" Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kan àwùjẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án yẹn, ó ti jìn wọlé.

Ìlú Ọ̀kà la wà. Òjò ò dá, ọlọ́kadà kankan ò fẹ́ gbé wa dé ọsibítù Ìkàrẹ́. Bàbá ọmọ wà níbi iṣẹ́ ní Òkè-Àgbè.

Mo fẹ́ fún un lọ́mú, Ìyá di apá mi mú.

"Oòrùn oko tó pa ẹ́ lánàá ti mú ọmú yẹn gbóná. Fún un dànù. Má sì fún un lómi. Ìkòkò tó ń jò, ta ló ń pọnmi sí i?"

Ìyá kì í ṣe ìkà. Òun ló máa ń pọn ọmọ yìí kí n lè sùn. Ẹ̀rù tó bà mí gan-an nìyẹn: pẹ̀lú ìfẹ́ náà ni ọmọ yóò fi kú sí wa lọ́wọ́.

Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Tí ìkòkò bá ń jò lórí iná, tá ò bomi sí i, ṣé ohun inú rẹ̀ ò ní jó?"

Ó wò mí. "Àwọn tó ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ ní Ìkàrẹ́ ló kọ́ ẹ lẹ́nu báyìí?"

"Àwọn ni, mà."

Lóòótọ́, wọ́n ti kọ́ wa níbẹ̀ bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Wọ́n ní ká tọ́ ọ wò. Bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ká dà á nù. Iyọ̀ ti àkọ́kọ́ pọ̀ jù. Mo dà á nù, mo po òmíràn.

Ṣíbí kan, ó bì í. Ìyá ní, "Mo wí bẹ́ẹ̀." Mo ní sùúrù díẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kí Ìyá tó na ọwọ́.

"Gbé e wá. O ń fún un bí ẹni ń rọ epo sí àtùpà. Díẹ̀díẹ̀. Tó bá mu èyí tán, fi ọmú ẹ sí i lẹ́nu, ó gbóná o, kò gbóná o."

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ọmọ bínú, ó gbá ṣíbí dànù, ó figbe ta. Ìyá fi ìka nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó na ìka náà sí mi. Ó tutù fún omijé.

Nígbà tí ọ̀kadà tí yóò gbé wa lọ sí Ìkàrẹ́ dé láàárọ̀, Ìyá ló kọ́kọ́ gùn ún, ó gbá ìgò tí a rọ omi oníyọ̀ náà sí mọ́ àyà.