Kókó Èjìká Ìyá Téèpù

Ọjọ́ tí àlùmọ́gàjí kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Téèpù, kò sẹ́ni tó tì í. Ó ń gé apá ẹ̀wù kan lọ́wọ́, ó ti gé e dé ìdajì, ni ìka rẹ̀ mẹ́ta bá kú bí ìgbà tí èèyàn bá sùn lé ọwọ́, tí àlùmọ́gàjí sì já bọ́ sórí aṣọ. Ó wò ó tìyanutìyanu. Ó na ọwọ́ láti mú un, ni nǹkan bá ta á láàárín ọrùn àti èjìká ọ̀tún, ó ta á débi pé ó jókòó sílẹ̀ láìwo ẹ̀yìn wò bóyá àpótí wà níbẹ̀. Orí yọ ọ́, àpótí wà. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò ní kọ síbí.

Aránṣọ ni Ìyá Téèpù. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan, láàárín ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe àti àtẹ̀gùn tí gbogbo ará ilé ń gbà. Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì wà lójú fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ wà láàárín, ẹni tó bá sì fẹ́ yí tábìlì náà po, ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi rìn. Orúkọ tí wọ́n ń pè é kò ṣẹ̀yìn téèpù ìwọnṣọ tí kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ti gbé e kọ́rùn lọ sí báńkì, ó ti gbé e kọ́rùn lọ síbi ìsìnkú, ọjọ́ kan tilẹ̀ wà tó gbé e kọ́rùn sùn. Ta ló fẹ́ wọ̀n lójú oorun, ẹ bá mi bi í.

Ọkọ rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀. Òpó Iná ni àwọn ọ̀rẹ́ ń pè é nítorí pé ó ga, ó ga kọjá sísọ. Kò sí àtẹ́rígbà kan ládùúgbò tí kò tíì kan iwájú orí rẹ̀ rí. Ọkọ ń gé, ìyàwó ń rán, bí wọ́n ṣe pín in nìyẹn fún ọdún mọ́kàndínlógún. Bí Òpó Iná bá ń gé aṣọ, á fi àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ tó fẹ̀ bí àwo tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀, aṣọ kò sì ní mira. Ọdún kẹta rèé tó ti kú, àìsàn tí kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ ló gbé e lọ. Nígbà tí ìyàwó ṣí ṣọ́ọ̀bù padà, ó mú àlùmọ́gàjí, ó dúró síbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń dúró sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ó mọ̀ ọ́n gé. Bí ẹ bá bi èmi, ó mọ̀ ọ́n gé ju ọkọ lọ, àmọ́ ẹ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láéláé.

Àwọn obìnrin méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ mọ ẹ̀rọ lò dáadáa, kò sí èyí tó lè gé aṣọ nínú wọn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ èjìká yìí kọjá ọ̀rọ̀ ìrora lásán. Bí ọwọ́ ọ̀tún yẹn bá kọ̀ṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù tí Òpó Iná fi sílẹ̀ di títì nìyẹn. Ìyá Téèpù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á.

Kíá, gbogbo èèyàn di oníṣègùn. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe ní òtútù ló wọ̀ ọ́ lára, ó gbé ìpara kan wá tó ta débi pé àwọn oníbàárà ń nu ojú lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní kó má lo ìrọ̀rí mọ́, ẹlòmíràn ní kó lo méjì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, ní kó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìgúnpá tẹ kókó líle kan tó wà ní èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀ tagbára-tagbára, títí ìyá fi pariwo pé, "Ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ọrùn náà kò ṣe é yí mọ́ rárá.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn."

"Kí n lọ sọ kí ni fún wọn? Pé èjìká ń dùn mí? Ta ni èjìká kì í dùn?"

"Ẹni tí àlùmọ́gàjí kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Ìyá wọ bàtà. Wọ́n lọ.

Dókítà yí ọrùn rẹ̀ wò, ó ní kó fún òun lọ́wọ́ mú, ó bi í léèrè àyà àti èémí, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe eegun, kò sí nǹkan tó ṣe ọkàn. Ó darí rẹ̀ sí yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin kúkurú kan ló wà níbẹ̀, tó gé èékánná rẹ̀ kúrú mọ́ ìka. Nọ́ọ̀sì Iṣan ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ìtọ́jú iṣan àti oríkèé ló kọ́, àmọ́ ó ti sú u láti máa ṣàlàyé.

Kò fi ìgúnpá wá nǹkan kan. Ìka méjì péré ló fi rìn láti ìdí ọrùn lọ sí èjìká, ó sì dúró.

"Ibí ni?"

"Ibẹ̀ ni! Yéè! Ó tún ń lọ sẹ́yìn orí mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ó dáa, ẹ di ọwọ́ yín ní ẹ̀ṣẹ́. Ẹ dì í dáadáa. Ẹ má tíì tú u o."

Ó wá jókòó, ó ń kọ nǹkan sínú káàdì. Ó kọ ọ́, ó kọ ọ́, Ìyá Téèpù sì di ẹ̀ṣẹ́ mú bí ẹni tó fẹ́ bá a jà, títí ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ṣé ó ti ń rẹ̀ yín?"

"Ó ti rẹ̀ mí tipẹ́."

"Ohun tí iṣan èjìká yín ń ṣe nìyẹn. Ó dì, kò rántí tú. Kókó tí ẹ ń fọwọ́ kàn yẹn, iṣan yín náà ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ gan-an, àmọ́ bó ṣe yé wa nìyẹn. Tí ẹ bá wá fi agbára lù ú, ṣe ló tún máa dì sí i."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wolẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Iṣan fi àtàǹpàkò lé kókó náà, kò tẹ̀ ẹ́ ju bí ẹni tó ń wò bóyá èso ti pọ́n lọ. Ó ní kí Ìyá Téèpù mí sínú, kó wá tú èémí náà jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ń kà lábẹ́ ahọ́n. Nígbà tó kà dé nǹkan bí ọgbọ̀n, nǹkan náà rọ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀, díẹ̀, ó tún rọ̀ díẹ̀, èjìká sì sọ̀kalẹ̀. Omi bọ́ lójú Ìyá Téèpù. Kì í ṣe ti ìrora. Ó ti gbàgbé bí ara ṣe máa ń rí tí kò bá dùn ún ni. Kí ó tó lọ, wọ́n ní kó máa fi táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rì sómi gbígbóná lé ibẹ̀, kó máa dìde na ọrùn ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí, kó sì ra bọ́ọ̀lù tẹníìsì kan, kó fi sáàárín ẹ̀yìn àti ògiri, kó máa fi ara yí i. Bí ìka bá tún ń kú lemọ́lemọ́, tàbí tí ọwọ́ kò lágbára mọ́, kó padà wá kíá.

Bí Ìyá Téèpù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fara nu ògiri ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nìyẹn.

"Ijó tuntun wo lèyí?" ọkùnrin oníbàtà yọjú.

"Wọlé wá jó o, kí n rí ẹni tí màá tẹ̀ pa."

Ìtọ́jú náà sì ń ṣiṣẹ́, kí n má parọ́. Bó bá jí láàárọ̀, ọrùn rọ̀. Àmọ́ bó bá fi máa di ọ̀sán, tó ti gé ẹ̀wù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kókó ti padà síbi tó wà, bí ẹni tó kàn jáde lọ ra nǹkan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń bá a fà á báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àlùmọ́gàjí tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kí ó tó bọ́, ó ti gba àárín aṣọ oníbàárà kọjá, ó ya á láti ọrùn dé àyà. Ìyá Téèpù ní kí àwọn obìnrin méjèèjì lọ jẹun. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún.

Ó padà lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Iṣan gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó pa káàdì dé. "Ẹ fi bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn mí."

Ìyá Téèpù wá ibi tó lè dúró tì nínú yàrá náà. Ó dúró ti tábìlì ìkọ̀wé, ó ní ó kúrú jù. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó mi orí. Ó wá rí kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí wọ́n ń kó fáìlì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó lọ bá a, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó ní, "Èyí ló tó o." Èjìká rẹ̀ méjèèjì ti gòkè, ó kù díẹ̀ kí wọ́n kan etí.

Nọ́ọ̀sì Iṣan dìde. Ó yọ téèpù lọ́rùn rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ìgúnpá: íǹṣì méjìdínlógójì. Ó wọn kọ́bọ́ọ̀dù: méjìlélógójì.

"Iṣẹ́ yín fi íǹṣì mẹ́rin ga ju ìgúnpá yín lọ. Ó sì yẹ kó fi bíi mẹ́ta wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ta ló ga tó bẹ́ẹ̀ nílé yín mà?"

"Ọkọ mi ni."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé—"

"Wọ́n ti kú."

Ẹ wá wò ó. Obìnrin tó ti wọn àyà, ìbàdí àti ẹsẹ̀ gbogbo adúgbò, tó lè wo èèyàn lókèèrè kó sọ bó ṣe sanra tó, ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń dúró ti tábìlì kan láìwọn ara rẹ̀ mọ́ ọn. Inú ìbá bí mi sí i, bí kì í bá ṣe pé mo mọ ìdí rẹ̀. Ibi tí Òpó Iná dúró sí ni, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun yí padà níbẹ̀.

"Ẹ gé ẹsẹ̀ tábìlì yẹn," ni ọmọ rẹ̀ sọ nílé.

"Ayùn kò ní kan tábìlì bàbá ẹ."

Ó wá àpótí pẹrẹsẹ kan, ó ń gun un. Àmọ́ ẹni tó ń gé aṣọ kì í dúró sójú kan, ó ń yí tábìlì po ni. Ní ọjọ́ kejì, ó gbàgbé pé òun wà lórí àpótí, ó gbé ẹsẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, àwọn obìnrin méjèèjì sì pariwo. Wọ́n gbé àpótí jù síta.

Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń ta ìwé ìròyìn wọlé, kóòtù dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kóòtù bàbá mi ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ papòdà ni. Ẹ bá mi tún un ṣe, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹ gé e o. Ẹ jẹ́ kó rí bó ṣe wà lára wọn."

Ó wọ̀ ọ́. Apá kóòtù bo ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀, a kò rí ọwọ́.

"Ṣé ẹ fẹ́ máa gbé e kọ́ ni àbí ẹ fẹ́ máa wọ̀ ọ́?" Ìyá Téèpù bi í.

"Mo fẹ́ máa wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́."

"A máa gé e nìyẹn. Ẹ má mikàn. Èyí tá a bá gé kúrò, mi ò ní jù ú nù, mo máa dì í fún yín, ẹ máa mú un lọ sílé. Bàbá yín ò ní bínú."

Ó ti sọ ọ́ tán kí ó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ó dúró pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ọkùnrin náà rò pé nǹkan kan ló ṣe é, ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá kò sí nǹkan.

Ní ọjọ́ Àìkú, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà, tí òun ń pè ní Ọkọ Kékeré, gbé ayùn wá. Òun ló kan tábìlì náà lọ́jọ́sí. Ìyá Téèpù ti wọn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó dé, íǹṣì méje méje, ó sì ti fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí wọn yíká.

"Ìyàwó wa, ṣé ó dá yín lójú? Bọ̀dá mi fúnra wọn ló wọ̀n ọ́n."

"Ara wọn ni wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́. Ẹ gé e, Ọkọ Kékeré."

Wọ́n dojú tábìlì dé. Ọkùnrin náà fa ayùn díẹ̀, ó dúró, ó nu ojú, ó ní lẹ́búlẹ́bú igi ló kó sí òun lójú. Ìyá Téèpù jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Òun náà ń nu tirẹ̀. Nígbà tó gé e tán, ó ṣa igi mẹ́rin náà jọ. "Ṣé kí n kó wọn dànù?"

"Rárá o. Ẹ kó wọn fún mi."

Ní ọjọ́ Ajé, ó gé ẹ̀wù márùn-ún. Lọ́sàn-án, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó wá kókó náà títí. Ó ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti kéré, ó sì rọ̀ nígbà tó fi àtàǹpàkò lé e tó mí jáde. Èjìká rẹ̀ kò gòkè mọ́. Ó wá gbé aṣọ tó fẹ́ fi rọ́pò èyí tó ya lọ́jọ́sí, aṣọ tó ń yọ̀ bí omi ọṣẹ, èyí tí agolo bọ́tìnnì àti kọ́kọ́rọ́ àgádágodo tó máa ń gbé lé aṣọ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú kò lè tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó mú igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ tábìlì lábẹ́ ẹ̀rọ, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé igun aṣọ náà.

Aṣọ kò mira. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí aṣọ ti dúró jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un gbẹ̀yìn. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó sì gé apá kan tán láìdúró, kí ó tó bọ́ sórí èkejì.