Òkúta Abẹ́ Táyà Mọ́tò Bàbá Wa

Ìró ẹyọ kan ṣoṣo ni. Kọ́! Bí ẹni kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Láàárọ̀ yìí ni ọmọ mi ọkùnrin yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ tó ti gbó níwájú ilé wa ní Igbein, ó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, mo sì gbọ́ ọ. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì. Kọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà bá mi yọ òkúta abẹ́ táyà yẹn, yóò ṣíná tó bá ti ń yí lọ." Dípò kí n yọ òkúta náà, mo jókòó lé e lórí, mo ní kí ó pe rewaya, oníṣẹ́ iná mọ́tò, kí ó wá síbí. Ó ti fajú ro báyìí, ó jókòó sínú mọ́tò. Kí rewaya tó dé, ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Òkúta yìí kan náà ni, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilé wa wà, bí ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta, bàbá mi sì ń ta abọ́ àti ìkòkò. Ó ra mọ́tò kan lọ́wọ́ tíṣà tó fẹ̀yìn tì, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹ̀kọ tó ti sùn. Mọ́tò yẹn níwà. Lọ́jọ́ tó bá wù ú, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn. Lọ́jọ́ tí kò bá wù ú, iná rẹ̀ yóò tàn, họ́ọ̀nù rẹ̀ yóò dún, ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ti yí kọ́kọ́rọ́, iná á ṣe bàìbàì, kọ́, ó parí. Àwọn kan ní òjò ni kò fẹ́, àwọn kan ní ooru ni. Ìyá mi ní Bàbá kì í ṣe bísímílà dáadáa kó tó wọ inú rẹ̀ ni. Bàbá ra bátìrì tuntun, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n tí gbogbo onímọ́tò àdúgbò wa ń dá ni Bàbá náà dá. Yóò kọjú mọ́tò sí ìsàlẹ̀, a ó fi òkúta há táyà. Èmi ni mo ni òkúta náà. Bí ó bá ti pariwo pé "Yọ ọ́!", mo ti wọ́ ọ kúrò, mo ti fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, mọ́tò á máa yí gbirigbiri lọ, Bàbá á ti jíà bọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnì á sì jí pẹ̀lú èéfín dúdú. Adìẹ á tú, ọmọdé á pàtẹ́wọ́. Bàbá á ní, "Òkè ni mẹkáníìkì mi!" Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju ilé ìwé lọ.

Múdà rewaya, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi ọ̀dán ní ìsàlẹ̀ òkè, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti jí. Bó bá pa á, tó tún yí i, á dáhùn. Ó máa ń ní, "Àlàájì, kò ṣe nǹkan kan lójú mi. Lọ́jọ́ tó bá kọ̀, ẹ má tì í, ẹ má jẹ́ kó yí. Ẹ ránṣẹ́ sí mi, kí n bá a níbi tó ti kọ̀." Bàbá á ní, "Ta ló fẹ́ jókòó ti mọ́tò tó kọ̀, nígbà tí òkè wà?" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, wọ́n ránṣẹ́ pé Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá, kò lè mí dáadáa. Abúlé kan tó wọnú lẹ́yìn Itori ló ń gbé. Bàbá mú mi dání kí n lè gbá Ìyá Àgbà mú lórí àga ẹ̀yìn mọ́tò. Mo yọ òkúta, a yí lọ. Nígbà tí a débẹ̀, Bàbá fẹ́ fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ láìpa, ṣùgbọ́n èéfín ń wọ yàrá, Ìyá Àgbà sì ń wúkọ́. Àánú ṣe é, ó pa á.

A gbé e sínú mọ́tò, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Kọ́.

Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sóko. Bàbá àti obìnrin méjì ló tì í, táyà sì rì sínú ẹrẹ̀. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó sinmi, ó ti rẹ òun náà." Bàbá ká ṣòkòtò sókè, ó sáré lọ sí títì láti wá mọ́tò mìíràn. Ìyá Àgbà di ọrùn ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tú. Nígbà tí Bàbá bá mọ́tò akẹ́rù kan dé, orí rẹ̀ ṣì wà lórí itan mi.

A sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Lọ́jọ́ kejì ni Múdà dé, Bàbá ló ránṣẹ́ sí i. Ó ní "Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ó sì ṣí iwájú mọ́tò níbi tó ti rì sí. Ó mú gílóòbù kékeré tó ní wáyà méjì, ó fi ọ̀kan kan ẹnu bátìrì tó jẹ́ nẹ́gátíìfù, ó fi èkejì kan irin ẹ́ńjìnì, ó ní kí Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Kò yẹ kí gílóòbù tàn níbẹ̀, àfi tí iná kò bá rí ọ̀nà gba inú wáyà mọ́tò kọjá. Ó tàn. Múdà tọ wáyà nínípọn kan láti ẹnu bátìrì dé ibi tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ara mọ́tò. Òkè rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n nígbà tó tú u, abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Ó fi sáńpépà ha á, ó dè é le. Mọ́tò dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo rẹ̀ kò tó àkókò tí èèyàn fi ń jẹ ẹ̀kọ kan.

Múdà rọra ní, "Àlàájì, òkè ni kò jẹ́ ká rí i." Bàbá jókòó sínú ẹrẹ̀, ó sunkún. Nígbà tí àwọn àgbààgbà ń tù ú nínú pé àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú, èsì kan náà ló ń fún wọn: "A ò wo àìsàn náà." Ó ta mọ́tò náà nígbẹ̀yìn. Kò tún pè mí pé kí n yọ òkúta mọ́, èmi náà kò sì fọwọ́ kàn án fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Wọ́n ti gé igi ọ̀dán. Múdà ti lọ, Bàbá ti lọ. Àwọn rewaya ìsinsìnyí ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ mọ́tò, tó ń kọ àìsàn rẹ̀ jáde. Òkè ṣì wà níbẹ̀, àwa náà ṣì ń yí mọ́tò lórí rẹ̀ kó lè ṣíná.

Rewaya tí ọmọ mi pè ti dé báyìí. Ó bi í pé, "Ṣé ẹ ti tì í?"

Ọmọ mi wò mí pẹ̀lú ìbínú. Ó ní, "Rárá. Màmá ò jẹ́."

Rewaya ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó ṣí iwájú mọ́tò. Mi ò tíì dìde lórí òkúta.