Àwọn Ìwé Tí Mo Dorí Wọn Kodò

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ṣòro láti ṣàlàyé. Mo máa ń ya lẹ́tà: A, B, D, gbogbo wọn pátá, ńlá àti kékeré, kí àwọn èèyàn lè rí wọn yàn nínú kọ̀ǹpútà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tẹ nǹkan jáde. Fọ́ǹtì ni wọ́n ń pè é. Títí bàbá mi fi kú ni wọ́n ń bi mí pé, "Ṣé lẹ́tà ò ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

Fláàtì kan ni mo ń gbé ní Peckham, èmi nìkan, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé "thank you" tí mo bá sọ fún dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu mi. Mo máa ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Mo dá wà, ó sì ń dùn mí, ṣùgbọ́n alágídí ni mí, n ò lè bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá jókòó tì mí.

Ìyá kan ń gbé lókè mi, ọmọ Ìjẹ̀bú, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kí wọ́n sì tó wá sílùú òyìnbó. Lọ́jọ́ kan, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí yàrá mi láti ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n kanlẹ̀kùn títí, n ò gbọ́, torí pé orin ni mo máa ń fi dí etí bí mo bá ń ṣiṣẹ́. Ni wọ́n bá kọ ìwé pélébé kan, wọ́n tì í gba ihò ilẹ̀kùn wọlé: kí n má bínú, ẹni tó máa tún un ṣe ń bọ̀ lọ́la. Mo ka ìyẹn. Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n kọ sí mi lẹ́yìn rẹ̀, n ò ka ẹyọ kan.

Ọwọ́ ìkọ̀wé náà ló gbà mí lọ́kàn. Ọwọ́ tíṣà àtijọ́ ni, ikùn lẹ́tà a yípo dáadáa, ìrù lẹ́tà g sì ń wẹ̀yìn díẹ̀. Nígbà tí mo pàdé wọn nínú lífítì, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mummy, handwriting yín fine gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ̀wé sí mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí a fi dé ìsàlẹ̀. "Àṣé èèyàn ṣì wà tó fẹ́ ka ìwé mi. Ó dáa, màá máa kọ ọ́."

Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, méjì, mẹ́ta lọ́sẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sẹ́yìn àpò ìwé àti ewé kàlẹ́ńdà. Nínú iṣẹ́ tiwa, bí a bá fẹ́ rí ìrísí lẹ́tà, a máa ń dorí ìwé kodò. Bó bá wà lóòró, ojú á fẹ́ kà á. Bó bá ti dorí kodò, ọ̀rọ̀ á kúrò ńbẹ̀, á ku ìlà àti àlàfo. Bí mo bá ṣe ń mú ìwé Mummy nílẹ̀ báyìí ni mo máa ń dorí rẹ̀ kodò. Màá yà á sínú kọ̀ǹpútà, màá ṣa lẹ́tà k tó dára, màá jù ú sínú páálí bàtà. Mo ní n óò kà á tó bá yá.

Yorùbá ni wọ́n ń kọ, nítorí náà n ò rí c, q, v, x àti z ńbẹ̀. Mo mú bébà gòkè lọ, mo ní kí wọ́n bá mi kọ márààrún, ogún ogún. Wọ́n kọ ọ́ láìbéèrè ìdí. Wọ́n ti gbé omi tíì kaná. Mo ní mo ń kánjú.

"Kò burú," ni wọ́n wí. "O ṣáà ń rí àwọn ìwé mi?"

"Mò ń rí wọn, Mummy. Mò ń enjoy wọn gan-an."

Irọ́ kọ́ o. Mò ń gbádùn wọn lóòótọ́.

Ìgbà tí ìwé dáwọ́ dúró, ó tó oṣù mélòó kan kí n tó fura. Mo gòkè, mo bá páànù irin tí kánsù tó ni ilé náà fi dí ẹnu ọ̀nà wọn. Mo bi aládùúgbò kan, kò mọ nǹkan kan. Mo padà sídìí iṣẹ́. Lẹ́tà ti pé mi lọ́wọ́.

Fọ́ǹtì tí mo fi ọwọ́ ìkọ̀wé Mummy ṣe gbajúmọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo rí i lára ọ̀rá búrẹ́dì, lára bọ́ọ̀sì ní Walworth Road, lára bánà ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jọ́sìn nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́, lẹ́nu ọ̀nà alápatà tó ń ta ẹran hàláàlì. Àwọn tí n ò mọ̀ rí kọ̀wé sí mi pé ó ń tu àwọn lára, pé ńṣe ló dà bí ẹni tó ń pe èèyàn wọlé. Mo dúró sábẹ́ bánà yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo yọ fóònù, n ò rí ẹni tí mo lè pè kí n sọ fún.

Ilé iṣẹ́ tó ń gbé fọ́ǹtì náà jáde wá ní kí n kọ ìtàn bí mo ṣe ṣe é, kí n fi àwòrán ìwé kan tì í. Àwòrán ò lè dorí kodò. Mo mú ọ̀kan nínú páálí, mo gbé e lóòró, ojú mi sì ti kà á kí n tó mọ̀.

"Ọmọ mi, wọ́n ní kí n wá sí ọsibítù ojú ní Tọ́sìdeè. Ojú ń ṣe mí bàìbàì, n ò sì mọ ọ̀nà. Bó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, jọ̀wọ́ sìn mí lọ."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ka gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń béèrè bóyá ikọ́ mi tí wọ́n ń gbọ́ láti ìsàlẹ̀ ti lọ. Wọ́n ń sọ ti ọkọ wọn tó kú. Wọ́n ní ilé dákẹ́ jù. Èyí tó kẹ́yìn sọ pé ọmọ wọn ń bọ̀ wá kó wọn lọ sí Sydenham, àdírẹ́sì rèé, kí n wá kí wọn. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi ò tiẹ̀ sunkún, n ò ríran. Ìtìjú bò mí, ìgbà yẹn ni mo wá sunkún.

Ní Sátidé, mo gbé páálí náà, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sydenham. Ọmọ wọn ló ṣílẹ̀kùn. Mo ní èmi ni mò ń gbé nísàlẹ̀ Mummy ní Peckham.

"Aunty downstairs! Mummy máa ń talk about yín gan-an. Ẹ wọlé. Wọn ò ríran mọ́ o, it's glaucoma. Wọ́n miss appointment kan nígbà tí wọ́n wà ní Peckham. I was on shift, kò sẹ́ni tó lè mú wọn lọ."

N ò lè gbójú sókè.

Mummy jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí mo ṣe kí wọn báyìí, wọ́n dá ohùn mi mọ̀, wọ́n ní, "Olólùfẹ́ ìwé mi ti dé." Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo ti tò jọ nínú bọ́ọ̀sì pòórá.

"Mummy, mi ò kà wọ́n. Lẹ́tà yín nìkan ni mò ń wò." Mo sọ bí mo ṣe ń dorí wọn kodò, mo sọ ti búrẹ́dì, mo sọ ti bọ́ọ̀sì.

Wọ́n nawọ́ síbi tí mo wà. "Ṣé o kó wọn dání?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy."

"Mú ọ̀kan. Kà á fún mi."

Mo fa ọ̀kan yọ. Mo gbé e lóòró. "'Ọmọ mi, mo se ẹ̀wà lónìí. N ò tíì jẹun, mò ń dúró dè ọ́.'"

Mummy kọjú síbi tí ohùn mi ti wá.

"Kí ló dé tí o ò wá?"