Orin Ọkọ̀ Tí Tíṣà Ọláyínká Kọ

Tíṣà Dáfídì Ọláyínká, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Olówógbowó, ló kọ ìwé tí àwa ọmọ àdúgbò fi mọ bí wọ́n ṣe ń ka àmì orin. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan la ní tẹ́lẹ̀. Tíṣà ní kí ló dé tí ọmọ Èkó yóò fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ná kó tó lè ka dò-rè-mí? Ìwé náà jáde ní 1971, orin kéékèèké tó fúnra rẹ̀ ṣe ló sì kún inú rẹ̀.

Àdíját, ọmọ agboolé Mùsùlùmí kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, máa ń wá kọ́ dùùrù pẹ̀lú wa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Lọ́jọ́ kan, ó dúró lórí ẹ̀kọ́ kẹrin, orin ọkọ̀ ojú omi.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ ló wà nínú ìwé, àmọ́ ohùn orin yìí ń gòkè. Ọkọ́ ni à ń pè. Ọkọ́ ló wá ń lọ lójú omi.”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Tíṣà.

“Ta ló kọ ìwé, èmi àbí ìwọ?”

“Ẹ̀yin ni, sà. Ṣùgbọ́n tí a bá rẹ ohùn náà sílẹ̀ díẹ̀…”

“Kó ìwé rẹ. Máa lọ sílé yín.”

Àdíját kò padà wá mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí Tíṣà tó jẹ́wọ́ fún mi pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an lòun ti mọ̀ pé òótọ́ lọmọ náà sọ. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ gbogbo orin inú ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i: mẹ́sàn-án ló ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kó ránṣẹ́ pè é.

Ní 1978 tó fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀, ó ní fún mi pé, “Fọláṣadé, mú mi lọ sọ́dọ̀ Àdíját.” Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ la ti bá a, nílé ọkọ rẹ̀ nítòsí Pópó Àgùdà. Ó kúnlẹ̀ kí Tíṣà, ó gbé àga fún wa. Tíṣà ṣí ìwé sórí aṣọ tí Àdíját ń rán.

“Ìwọ lo sòótọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi. Jẹ́ ká jọ tún un ṣe, màá kọ orúkọ rẹ sí i.”

Àdíját wo ojú ìwé náà títí.

“Tíṣà, mi ò lè kà á mọ́. Mo sunkún nígbà yẹn o. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Mo ti dárí jì yín tipẹ́.”

Tíṣà pa ìwé náà dé, a sì padà sí Olówógbowó. Nígbà tí ìwé tuntun jáde, ó ti yọ orin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kúrò, kò sì fi nǹkan kan dípò wọn. Ó ní ẹni tí etí rẹ̀ tó iṣẹ́ náà lòun ti lé lọ.