Ẹni Tí Ìyá Àgbà Gbé Orin Kòkó Fún

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò pẹ́ nílé ìwé, ìwé kíkọ kò sì mọ́ mi lára. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wá sẹ́nu mi ni mò ń kọ ọ́. Mi ò tíì darúgbó, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ ti di ohun àtijọ́ lójú mi.

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, tí ọkọ̀ ńlá ń rọ́ kọjá ní Ọ̀rẹ̀ tọ̀sán-tòru, oko kòkó ni àwa wà ní apá Omifunfun. Bí a bá kórè tán, gbogbo wa á jókòó yí òkìtì kòkó ká, a ó máa fi kùmọ̀ fọ́ ọ. Orin ló ń kó ọwọ́ wa jọ. Ìyá bàbá mi, tí a ń pè ní ìyá àgbà, ń dá a, àwa ń gbè é. Bó bá ti pe sílébù mẹ́rin, kùmọ̀ gbogbo wa á balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà; mẹ́rin mìíràn, á tún balẹ̀:

Mọ́tò Ọ̀rẹ̀, ń lọ Èkó,
Kòkó wa ni, yóò gbé lọ.

Nílé ìwé, a máa ń pàtẹ́wọ́ sí sílébù kí á tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Nítorí náà, nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn lẹ́nu ìyá àgbà, mo ti sọ lọ́kàn mi pé èmi ni orin kàn. Mo nítìjú lóòótọ́, n kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, ṣùgbọ́n orin yẹn nìkan ni mo fẹ́ láyé.

Ọmọbìnrin kan wà, ẹgbẹ́ mi, tí bàbá rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn láti dáko lórí ilẹ̀ wa. Kíláàsì kan náà la wà. Bó bá ń dá orin níbi òkìtì kòkó, ó mọ̀ ọ́n fa ọ̀rọ̀ tó kúrú, á gbé èyí tó gùn mì díẹ̀, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ní yà. Ìyá àgbà á máa mi orí. Ẹ ò mọ bí orí mímì yẹn ṣe ń ta mí lára! Bí ọmọ yẹn bá rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ pàápàá ń bí mi nínú. Wọ́n gba oko lọ́wọ́ wa, wọ́n tún fẹ́ gba ìyá àgbà?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá àgbà ní kí àwa méjèèjì dá orin wò, kí òun mọ ẹni tí òun yóò gbé e fún. Ọmọ yẹn dá tirẹ̀, kùmọ̀ ń dún gbì, gbì. Ó wá kàn mí. Gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi ló rọ́ jáde pọ̀:

Ìyá àgbà mi àtàtà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ rántí pé èmi gan-an ni ọmọ ọmọ yín…

Àwọn kan ti fọ́ kòkó, àwọn kan gbé kùmọ̀ sókè, wọn ò mọ ìgbà tí wọn yóò sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyàwó àbúrò bàbá mi pariwo, "Ọmọ yìí, ṣé lẹ́tà lò ń kọ ni? Apá ti ń ro wá lókè o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kí n tún un dá, mà," mo bẹ̀ ẹ́.

Ìyá àgbà ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ò níwọ̀n, ọmọ mi, sọ ọ́ bó ṣe wù ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ọwọ́ ń tẹ̀ lé ní ìwọ̀n." Ó kọjú sí ọmọ yẹn: "Ìwọ, máa dá a lọ."

Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lónìí, bí ẹ bá dé oko yẹn, rédíò ni ẹ ó bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì kòkó. Àwọn ọkùnrin ti tẹ̀ lé owó lọ sí Èkó; àwọn díẹ̀ tó kù, olúkúlùkù ń fọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọdé ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lè gbé kùmọ̀ sókè kó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá àgbà ti lọ. Ọmọbìnrin yẹn ti wà nílé ọkọ ní Odígbó, wọ́n ní òun ló ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Bí mo bá gbọ́ ọ, nǹkan kan ṣì máa ń gún mi láyà, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, kí ìrì tó gbẹ, mo lọ síbi òkìtì kòkó. Ọmọ yẹn ti jókòó sí àyè ìyá àgbà. Mi ò kí i. Mo jókòó sáàárín àwọn elégbè, mo mú kùmọ̀. Nígbà tó dá orin, mo gbè é.