Fèrèsé Ilé Ọṣẹ

Gíláàsì ni wọ́n fi kọ́ olú iléeṣẹ́ epo rọ̀bì yìí ní Trans-Amadi, àmọ́ wọ́n dá ògiri bíríkì iléeṣẹ́ ọṣẹ àtijọ́ sí láàárín rẹ̀, tòun ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn onírin. Wọ́n ní ẹwà ni. Ẹwà, kẹ̀! Bí mo ṣe wọlé báyìí, òórùn àdí tó wà lára bíríkì náà gba imú mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo gbé bọ̀lì àti ẹja wá fún màmá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ọṣẹ náà. Ó na ọwọ́ jáde láàárín irin fèrèsé, ọwọ́ tí èròjà ọṣẹ ti bó láwọ. Mo ń já bọ̀lì lé e lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Màámi, ẹ jáde wá jẹun."

"Wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn."

Ẹ̀rín pa mí. Mo ṣe bí eré ni. Mégáàdì jágbe mọ́ mi: "Small pikin, comot for there!"

Ìta ni wọ́n ti máa ń fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Lónìí, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò níbí ní, "Mà, ẹ fara ti fèrèsé yẹn, kí n ya yín ní fọ́tò. Ẹ rẹ́rìn-ín."

"Kò burú," mo dá a lóhùn. "Ìwọ kọ́kọ́ bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ná, kí n tìlẹ̀kùn mọ́ ọ."