Mi Ò Jẹ́ Ṣíwájú Ẹ̀gbọ́n

Òórùn ìpara gbígbóná tí à ń fi wọ́ orúnkún, òun àti òórùn sàmósà tí wọ́n ń dín ní ojúlé kejì sí mọ́ṣáláṣí wa ní Mayfair, àwọn méjèèjì ti dàpọ̀ mọ́ra nínú imú mi débi pé bí mo bá ti gbóòórùn ọ̀kan, orúnkún á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí yẹn la ti máa ń gbéra láàárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tí a bá ti kírun àsùbáà tán. Òtútù Johannesburg nínú oṣù kẹfà, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kì í bá èèyàn ṣeré. Á gbẹ, á mú, á máa gé ni létí. Èmi á de fìlà onírun, màá wọ ṣòkòtò péńpé lé èyí tó fún mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ikùn mi á sì kọ́kọ́ jáde kí èmi tó jáde. Mo ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta nígbà náà. Aláṣọ ni mí, orí ìjókòó ni mo ti ń jẹun. Ta ló rán irú mi níṣẹ́ eré sísá?

Ẹ̀gbọ́n ló rán mi. A kì í ṣe ọmọ ìyá o. Ará Ìwó ni wọ́n, ará Ẹdẹ lèmi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìlú yìí tí mi ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, àwọn ni wọ́n gbà mí sílé ní Yeoville, àwọn àti ìyàwó wọn tí gbogbo wa ń pè ní Aláájà. Wọ́n fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Ẹnjiníà ni wọ́n. Iléeṣẹ́ tó gbé wọn wá síbí ti kógbá wọlé tipẹ́, wọ́n wá ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe kiri. N kò fi orúkọ pè wọ́n rí, n kò sì ní bẹ̀rẹ̀ níbí.

Ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn kò pamọ́. Ilé tí wọ́n ń kọ́ sí Ìwó ti dúró sí ìdajì. Igi ìbẹ́pẹ ti hù nínú pálọ̀. Ìwé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì ibí, àárín ọ̀nà ni wọ́n ti jáwọ́ nígbà tí iṣẹ́ bọ́. Wọ́n á ní, "Àbúrò, nǹkan tèmi kì í kọjá ààbọ̀," wọ́n á sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ẹnu lásán ni. Nígbà tí wọ́n wá rí i pé àwọn ará ibí, arúgbó àti ọ̀dọ́, máa ń sáré kìlómítà méjìlélógójì lórí títì, tí ẹni tó bá dé kí àkókò tó pé á gba àmì-ẹ̀yẹ kan tí kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ, wọ́n ní ìyẹn làwọn máa parí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbìyànjú. Ti àkọ́kọ́, ọkọ̀ tó ń ṣa àwọn tó bá rẹ̀ ló gbé wọn dé. Ti ìkejì, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn dé, ṣùgbọ́n àkókò ti kọjá, àwọn tó ń ṣètò eré ti ti ìlẹ̀kùn. Dókítà wá wò wọ́n, ó ní ọkàn wọn kò gba irú wàhálà bẹ́ẹ̀ mọ́, kí wọ́n jáwọ́ kíá. Wọ́n bá dókítà nájà bí ẹni ń ra ẹran ọdún, ó sì fi ẹ̀ẹ̀kan péré sílẹ̀ fún wọn, bí ẹnì kan bá máa wà pẹ̀lú wọn. Ẹnì kan yẹn lèmi.

Kò sí ohun tí ojú wa ò rí nígbà tí à ń kọ́ra. Gbogbo táásì tó bá kọjá ló ń fọn fèrè mọ́ wa, wọ́n rò pé a ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni. Ọ̀kan tiẹ̀ dúró níbi róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, awakọ̀ na orí jáde, ó ní, "Madala, gibela!" pé kí bàbá arúgbó wọlé. Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn pé, "Shap, shap, a ò lọ síbì kankan." Òótọ́ sì ni. Ibi tí a bá ti gbéra náà là ń padà sí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti kú àti èékánná tó ti dúdú. Ládùúgbò àwọn olówó, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ á máa rọra tẹ̀ lé wa lẹ́yìn, torí ojú wọn kò rí ìdí tí àgbàlagbà ènìyàn dúdú méjì á fi máa sáré kọjá lẹ́nu géètì olówó láàárọ̀ kùtù. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Fourways bi mí lórí fóònù pé, "Daddy, who is chasing you?" Mo rẹ́rìn-ín. Kí n tó dùbúlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ yòówù tó lè bọ́ bàtà fún mi ni mò ń wá nínú ilé.

Nígbà tó ku ọ̀la, Aláájà gún iyán fún wa. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ń jẹ makarónì kí wọ́n tó sáré, a á wò ó bóyá makarónì lè ju iyán lọ. Nígbà tí mò ń jáde, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, ọwọ́ rẹ ni mo fi wọ́n sí o. Jọ̀ọ́, má fi wọ́n sílẹ̀." Mo ní, "Aláájà, ẹ lọ sùn. Bí wọ́n bá wà níwájú, èmi ni ẹ máa rí lẹ́yìn wọn." Ohun tí mo sọ nìyẹn, ohun tí mo sì ṣe nìyẹn.

Jẹ́ kí n sọ bí eré ọ̀hún ṣe ń parí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí àkókò bá ti ń tó, ọkùnrin kan á dúró síbi òpin, á kọ ẹ̀yìn sí àwọn tó ń bọ̀, ìbọn á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó ń kọ̀yìn kó má baà rí ojú ẹni tó kù díẹ̀ fún, kí àánú má baà ṣe é. Bí aago bá ti pé, á yìn ín sókè, àwọn èèyàn á sì di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á dí ọ̀nà. Bí ìdajì ìṣísẹ̀ ló kù ọ́ kù, wọ́n á kà á sí pé o kò sáré.

A gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn, orin, èéfín ẹnu nínú òtútù. Mo ti gé àǹkárá pupa kan láti ìsọ̀ mi, Ẹ̀gbọ́n so ó mọ́ orí, ìyẹn ni mò ń wò níwájú mi jálẹ̀ ọ̀nà. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni wọ́n ṣe tọ́ ìwọ náà: bí a bá ń lọ sóko, bàbá ló ń ṣíwájú, bí a bá fẹ́ wọlé, àgbà ló ń kọ́kọ́ tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. N kò ronú nípa rẹ̀ rárá. Kí wọ́n sì lè mọ̀ pé mi ò fi wọ́n sílẹ̀, mò ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn wọn, bí èèyàn ṣe ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà àgbà kí wọ́n lè mọ̀ pé òun wà níbẹ̀.

Nígbà tí a kọjá ààbọ̀ ọ̀nà, mo rí i pé Ẹ̀gbọ́n ń dẹ ẹsẹ̀. Mo ní ọkàn tí dókítà sọ yẹn ló dé. Èmi náà dẹ ẹsẹ̀, mo sì wúkọ́. Wọ́n tún dẹ ẹsẹ̀ sí i. Ọjọ́ yẹn, kí n má purọ́, ara mi yá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, ẹsẹ̀ mi fúyẹ́, mo lè fò. Àmọ́ mo pa á mọ́ra, mò ń rìn bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ìyàwó tuntun. Àwọn ìyá àgbà ń kọjá wa. Ọkùnrin kan tó ń tiro kọjá wa. Níbi òkè tó gbẹ̀yìn, Ẹ̀gbọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n ní, "Bọ́ síwájú." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti o! Kí èmi ṣíwájú yín? Mi ò jẹ́." Wọ́n tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ohùn wọn le díẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń dán mi wò ni. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí mo ṣe ń sáré, ṣé o rí ìyẹn? Mo tẹ orí ba, mo ní, "Ẹ̀yin la máa tẹ̀ lé."

A wọ orí pápá. Koríko ti gbẹ, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ariwo èèyàn gbalẹ̀, wọ́n ń ka iye tó kù. Mo rí ọkùnrin oníbọn náà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa lóòótọ́, kóòtù dúdú lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gidi, èmi náà sáré, a súnmọ́ ọn débi pé mo rí ìlà ọrùn ọkùnrin náà. Ìbọn dún. Àwọn èèyàn di ọwọ́ mú níwájú wa. Ẹ̀gbọ́n gbé àyà lé apá ọmọbìnrin kan lára wọn, wọn ò tì í, wọ́n kàn dúró bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń sunkún, ó ń sọ pé, "Eish, sorry, Baba. Sorry." Mo wo ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́n tí mo ti ń wò láti òwúrọ̀. Kò sí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Orí koríko la jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n kọjú sí mi. Wọ́n ní, "Kí ló ṣe ọ́? Láti ààbọ̀ ọ̀nà lo ti ń wúkọ́ wúkọ́. Mo rò pé àyà rẹ ló fẹ́ bẹ́. Bí mo bá sáré, ìwọ ńkọ́? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan tó ṣe mí. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè."

"Èmi? Ara mi le koko! Aláájà ló ní kí n má fi ọ́ sílẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti kìlọ̀ fún mi."

A wo ara wa. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ já, ẹ̀rín burúkú, a rín in títí àwọn tó ń pín omi fi ń wò wá. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ na ilẹ̀, wọ́n ní, "Ìwà ọmọlúàbí pa wá láyò!" Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́kún. N kò rí omi lójú wọn rí, kódà lọ́jọ́ tí iléeṣẹ́ wọn kógbá wọlé. Aláájà dé pẹ̀lú fúláàsì tíì. Nígbà tí a ro ẹjọ́ fún wọn, wọ́n gbé fúláàsì sílẹ̀, wọ́n jókòó tì wá sórí koríko pẹ̀lú híjáàbù wọn, wọ́n ní, "Háà! Ẹnu mi yìí náà ni?"

Ẹ̀gbọ́n kò sáré mọ́. Wọ́n pa ìlérí tí wọ́n ṣe fún dókítà mọ́, wọ́n sì gbé bàtà wọn fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi tóbi ju tiwọn lọ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà rọ̀, wọ́n sùn lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, wọn ò jí. Ilé Ìwó ṣì wà bó ṣe wà. Igi ìbẹ́pẹ yẹn á ti máa so.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ lọ̀kan nínú wa, à bá ti dé. Ká ní èmi jẹ́ ẹni tí kò ka àgbà sí, ǹ bá ti bọ́ síwájú, wọn ì bá tẹ̀ lé mi, bọ́tìnnì yẹn ì bá wà nínú pálọ̀ Aláájà lónìí. Ìfẹ́ ni, ẹ̀kọ́ ilé ni, ohun rere gbogbo tí wọ́n kọ́ wa ni a fi fa ara wa sẹ́yìn títí wọ́n fi ti ìlẹ̀kùn. Ta ni mo fẹ́ bá jà? Bàbá mi tó tọ́ mi?

A kì í fi òkú Mùsùlùmí falẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an la gbé wọn lọ. Mo wà lẹ́yìn àkéte tí a fi gbé wọn, bí mo ṣe máa ń wà, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ará mọ́ṣáláṣí fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ẹ bọ́ síwájú. Ẹ̀yin lẹ súnmọ́ wọn jù." Ẹnu mi ti fẹ́ sọ pé mi ò jẹ́. Mo bọ́ síwájú. Mo gba igi iwájú lápá òsì lé èjìká. Àlùfáà ní ká yára, pé ẹni rere, kí a tètè gbé e dé ibi rere rẹ̀, la bá mú ẹsẹ̀, ó kù díẹ̀ kó di eré, lórí ilẹ̀ pupa tí òjò ti rin. Ìyára tó yẹ ká fi parí eré wa gan-an nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ mi. Mo wúkọ́, bí mo ṣe máa ń ṣe, kí Ẹ̀gbọ́n lè mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Wọn ò dẹ ẹsẹ̀ dè mí mọ́.